Aago Ọwọ́ Baba Sàlá

Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú eré Yorùbá. Ó pẹ́ tí eégún aláré ti ń sín òyìnbó jẹ. Síbẹ̀, nínú eré Hubert Ògúndé, iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni àwàdà. Lọ́dọ̀ Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (1936–2018), òun gan-an ni ọbẹ̀. Ọláìyá ti ṣe olórin kí ó tó di Baba Sàlá (Sunny Adé wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀). Bóyá ibẹ̀ ló ti kọ́ ìgbà tí ó yẹ kí ohùn dákẹ́ kí ẹ̀rín lè ráyè.

Ìmúra rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ni ó yẹ kí á wò fínnífínní: awò ojú ràgàjì, táì tí ó fẹ̀ kọjá ààlà, aago orí tábìlì tí ó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Láyé ìgbà náà, aago àti táì ni àmì akọ̀wé. Baba Sàlá kò bú ọ̀làjú. Ó kàn gbé e wọ̀ ní ìwọ̀n tí kò bá a mu. Kí ó tó la ẹnu, òǹwòran ti rí bí ìfẹ́ ọlá ṣe ń sọ ènìyàn di yẹ̀yẹ́.

Nínú fíìmù Ọ̀run Móoru (1982), tí Ọlá Balógun darí, gbájúẹ̀ ló sọ ọ́ di aláìní. Lẹ́yìn náà, àwọn tí ń ṣe àdàkọ fídíò láìgbàṣẹ ta fíìmù yìí kan náà káàkiri, gbèsè sì wọ Ọláìyá lọ́rùn.