Ipa Họ́mọ̀nù Ìdàgbàsókè lórí Bí Ara Ènìyàn Ṣe Ń Lo Ṣúgà àti Ọ̀rá

Ìyá àgbàlagbà kan nínú ẹbí wa ní àtọ̀gbẹ. Bí wọ́n bá jẹun alẹ́ ní agogo méje, wọn kì í fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Síbẹ̀, bí a bá yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò láàárọ̀, ó máa ń ga ju ti àṣálẹ́ lọ. Àwọn ọmọ ní wọ́n ń yọ́ oúnjẹ jẹ lóru. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀sùn náà lè má fi jẹ́ òótọ́.

Orúkọ "họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè" máa ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́nà. Wọ́n rò pé ọmọdé tí ó ń ga nìkan ni ó wà fún, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tí kò lè ga mọ́ ṣì ń ní in lára. Pítúítárì, kókó kékeré tí kò ju ẹ̀wà lọ nísàlẹ̀ ọpọlọ, ni ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó sábà máa ń pọ̀ jù ni ti ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn wọra. Ebi àti eré ìdárayá náà a máa mú un pọ̀ sí i. Bí ènìyàn bá mu omi ṣúgà, a lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó gba ààwẹ̀. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, agbára oúnjẹ sààrì ti ń tán lọ. Họ́mọ̀nù yìí yóò mú kí ọ̀rá tí ara tọ́jú pa mọ́, pàápàá ti ikùn, máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ara yóò máa fi ọ̀rá yìí ṣagbára, ẹ̀dọ̀ yóò sì sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di kítóònù. Ọpọlọ kò lè fi ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣúgà ni ó gbójú lé jù. Ó dà bí ìgbà tí oúnjẹ kò tó nílé, tí àgbà jẹ ẹ̀bà àná, tí ó fi èyí tó gbóná sílẹ̀ fún ọmọ.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ínsúlínì ni ó ń ṣílẹ̀kùn iṣan fún ṣúgà. Họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè ń ta ko ínsúlínì: iṣan kò ní gba ṣúgà bó ṣe yẹ, ẹ̀dọ̀ yóò sì tún máa tú òmíràn jáde. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ínsúlínì yóò pọ̀ sí i láti dí i. Lára alátọ̀gbẹ, kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí pítúítárì tú jáde lóru wà lára ohun tí ń gbé ṣúgà ga ní ìdájí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jẹun.

Bernardo Houssay, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, fi èyí hàn lára ajá: àtọ̀gbẹ ajá tí ó yọ pítúítárì rẹ̀ rọlẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1947. Bákan náà, àwọn tí họ́mọ̀nù yìí pọ̀ jù lára wọn, tí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àgbọ̀n wọn ń tóbi, sábà máa ń ní àtọ̀gbẹ. Lódì kejì, ẹni tí tirẹ̀ kò tó a máa sanra níkùn, ṣúgà ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ sì lè já wálẹ̀ lójijì bí ebi bá pa á pẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń fẹ́ gba abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù yìí kí ikùn lè fà, láìsí ìwé dókítà, ń fi ọ̀rá ṣe pàṣípààrọ̀ ṣúgà. Ní ti ìyá wa, dókítà wo àkókò oògùn wọn, ó yí i padà. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ òru rárá.