Omi tí ẹ fà lálẹ́ ti lọ láàárọ̀? Ẹ yẹ táńkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì wò

Wọ́n fa omi kún táńkì òkè lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wálẹ̀. Ní ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: ta ló fọṣọ lóru? Ta ló ṣí omi sílẹ̀? Owó iná tí wọ́n fi ń fa omi kò sì kéré mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó fọ nǹkan kan. Táńkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló ń jò, inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ló sì ń yọ́ gbà lọ, kò ní pariwo, ilẹ̀ kò ní tutù.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Ẹ da zobo tó ki tàbí búlúù ìfọṣọ sínú táńkì náà, kí ẹnikẹ́ni má flush fún ìṣẹ́jú 30. Tí àwọ̀ bá yọ nínú àwo nísàlẹ̀, ó ń jò nìyẹn.

Ẹ má tíì sáré pe púlọ́mbà o, torí ọ̀nà méjì ni omi lè gbà sá lọ. Ẹ pa kọ́ọ̀kì kékeré ara ògiri tó ń gbé omi wọ táńkì, kí ẹ fi bírò sàmì síbi tí omi dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, tí omi bá ṣì wà lójú àmì, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó dá omi dúró ni kò ṣiṣẹ́, tí omi fi ń kún gba ojú páìpù àárín lọ. Tí omi bá ti fà sísàlẹ̀ àmì, rọ́bà ìdí flush ni. Ẹ bu omi padà dé ojú àmì. Tó bá gba lítà 3, lítà 144 ló ń lọ lójúmọ́, táńkì òkè oní-lítà 1,000 kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nìyẹn o!

Iyanrìn àti ẹfun inú omi kànga ẹ̀rọ ló máa ń ba rọ́bà yìí jẹ́. Òògùn funfun tí àwọn kan ń jù sínú táńkì kó lè máa ta sánsán náà wà níbẹ̀: tó bá ti ní bílíìṣì nínú, ó ń jẹ rọ́bà.

Tó bá jẹ́ oní-bọ́tìnnì, ẹ pa kọ́ọ̀kì, ẹ flush kí omi tán. Ẹ tú bọ́tìnnì, kí ẹ gbé ìdérí sílẹ̀ síbi tí ọmọdé kò ní dé, torí tó bá fọ́, àtirí ìdérí nìkan rà kò rọrùn. Ẹ di òpó ike àárín mú, ẹ yí i díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, ẹ fà á sókè. Rọ́bà roboto wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́. Tí ẹfun bá ti gan mọ́ ọn, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ dúró díẹ̀. Ẹ fi ìka nu ojú ihò tí rọ́bà ń jókòó lé pẹ̀lú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, iyanrìn bíńtín níbẹ̀ sì tó láti mú un jò.

Tí rọ́bà bá ti le tàbí tó ti ya, ẹ mú un dání lọ sọ́jà kí wọ́n fi wọn tuntun, torí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Àwọn tó ń tà á á fẹ́ ta odidi fún yín. Rọ́bà ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Tí kò bá sí, tí ti ọwọ́ yín kò sì ya, ẹ lè dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó fi ràn yín lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀.

Ti àtijọ́ tó ní ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo ṣéènì rẹ̀: tó bá le jù, á máa gbé rọ́bà sókè, tó bá gùn jù, á há sábẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé láàárín táńkì àti àwo ni omi ti ń kán sílẹ̀, ẹ pe púlọ́mbà. Nọ́ọ̀tì ibẹ̀, téèyàn bá fún un le jù, táńkì á sán.

Tí ẹ bá ti dá òpó padà, ẹ yí i sọ́tùn-ún títí tó fi máa há, ẹ ṣí kọ́ọ̀kì, kó kún. Kí ẹ tó sùn, ẹ tún da zobo sí i.