Èèpo Ìwé Ìròyìn Aláwòrán àti Ojú Adúmáadán

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré lójú àwọn mìíràn. Wọ́n lè bèèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ya fọ́tò oge, àti ti àwọn ìwé ìròyìn dídán tí a máa ń rí lórí tábìlì ní ọ̀dọ̀ aránṣọ àti ní ọ̀dọ̀ onídìrí. Èsì mi ni pé èdè ni mo ń kọ́ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu nìkan ni ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Èèpo ìwé ìròyìn, èyí tí í ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ tí ó wà ní ìta, jẹ́ ojú kan tí a ti tò, tí a ti kùn, tí a sì ti tan iná sí, kí ó lè bá ẹni tí ń kọjá lọ sọ̀rọ̀ kí onítọ̀hún tó ṣí ìwé náà rárá. Bí a ti ń kọ́ ọmọ láti ka gbólóhùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a kọ́ ọ láti ka irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta ìwé ìròyìn ní ẹ̀bá títì. Ìwé tí ó tò sílẹ̀ pọ̀, ẹni tí ń kọjá kò sì ní àyè àtiwo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Láàárín àkókò kúkúrú yìí ni èèpo ní láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tí a yà sórí èèpo fi máa ń wo ẹni tí ń wò wọ́n ní tààrà, nítorí pé bí ojú bá ti ṣe mẹ́rin, ẹsẹ̀ a dúró. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí a fi ń kọ orúkọ ìwé náà gàdàgbà sí òkè, tí ó sì di dandan fún ayafọ́tò láti fi àyè sílẹ̀ lókè orí ẹni tí ó ń yà. Àwọn ìwé tí òkìkí wọn ti kàn tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí orí ènìyàn bo lára àwọn lẹ́tà orúkọ wọn, nítorí ó dá wọn lójú pé a kò ní ṣì wọ́n mọ̀. (Àwọn onílù wa mọ ọgbọ́n yìí. Wọn kì í ki oríkì ọlọ́lá tán kí ó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì.) Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́, ìhà òsì ni a sábà máa ń kó èyí tí ó ṣe kókó jù sí, nítorí pé bí a bá to ìwé léra wọn lórí pẹpẹ, ìhà òsì ni ó máa ń yọ síta. Mo ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ fún kíláàsì mi rí, èyí tí wọ́n sì rí níbẹ̀ jù lọ ni àṣẹ, ìlérí àti iye.

Kì í ṣe fọ́tò ni ó kọ́kọ́ wà lórí èèpo. *Harper's Bazaar* bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Nìú Yọ́ọ̀kì ní ọdún 1867, *Vogue* sì tẹ̀ lé e ní ìlú kan náà ní ọdún 1892. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń fi ọwọ́ ya èèpo wọn. Ní ọdún 1911, Edward Steichen ya fọ́tò àwọn aṣọ tí Paul Poiret ṣe ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì ka èyí sí ìbẹ̀rẹ̀ fọ́tò oge ti òde òní. Síbẹ̀, ó di oṣù keje ọdún 1932 kí fọ́tò aláwọ̀ mèremère tó dé orí èèpo *Vogue*. Steichen yìí kan náà ni ó yà á. Obìnrin kan ni ó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ pupa, tí ó gbé bọ́ọ̀lù ńlá kan sókè. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Martin Munkácsi mú mọ́dẹ́ẹ̀lì kan lọ sí etí òkun fún *Harper's Bazaar*, ó sì ní kí ó máa sáré bọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, bí ère ni wọ́n máa ń dúró níwájú kámẹ́rà.

Èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni èèpo *Vogue* ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1950, tí Erwin Blumenfeld yà. Ojú Jean Patchett ni. Ṣùgbọ́n Blumenfeld pa ojú náà rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ku nǹkan kan níbẹ̀ ju ẹyinjú kan pẹ̀lú ìpéǹpéjú rẹ̀, ètè pupa, àti àmì dúdú kékeré kan. Kò sí imú, kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò rí i tí kò ní mọ̀ pé ojú obìnrin ni. Àwa tí a ń kọ́ èdè mọ ọgbọ́n yìí, ìpajẹ ni à ń pè é: a yọ ohun tí etí lè fi ara rẹ̀ dí, ọ̀rọ̀ náà sì yé wa síbẹ̀. Iṣẹ́ àrà ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni ó wá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà? Bébà ni. Funfun bébà ni ó di awọ ara rẹ̀. Bí ẹni tí a yà bá jẹ́ adúmáadán, ọgbọ́n yìí kò lè ṣiṣẹ́, nítorí pé bí a bá pa ojú tirẹ̀ rẹ́ di funfun, kì í ṣe ojú rẹ̀ mọ́. Láìsí pé ẹnikẹ́ni pète ibi, ọgbọ́n iṣẹ́ náà ti yan irú awọ tí yóò bá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti kan èmi fúnra mi. Nígbà tí a ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ní ìlàjì kejì àwọn ọdún 1990, a san owó kí ayafọ́tò wá ya gbogbo kíláàsì pọ̀. Ọ̀sán gangan ni ó tò wá síwájú ògiri tí a kùn ní ẹfun, gbogbo wa wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ funfun. Nígbà tí fọ́tò dé, ẹ̀wù wa ń kọ mànà. Àwa tí a pọ́n díẹ̀ rí ojú ara wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan, tí ó dúdú jù wá lọ, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó mọ ìwé jù nínú wa, kò ní ojú nínú fọ́tò náà. Eyín nìkan ni a rí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó dá fọ́tò padà, ó ní kí wọ́n dá owó òun padà, nítorí pé òun kò sí níbẹ̀. Ayafọ́tò dá a lóhùn pé kámẹ́rà kì í purọ́. Ní ọdún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìpara tí ń bóra.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ayafọ́tò náà kò sọ òtítọ́, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Kámẹ́rà kì í dá ojú mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wọlé ni ó ń wọ̀n, ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ wá ìwọ̀n àárín. Bí aṣọ funfun àti ògiri funfun bá pọ̀ níwájú rẹ̀, yóò gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú dúdú yóò sì wọ òkùnkùn lọ. Fíìmù kò lè gba ohun tí ó funfun jù àti ohun tí ó dúdú jù pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí, fọ́tò ṣì ń lọ sí ilé ìfọfọ́tò. Láti àwọn ọdún 1950 ni ilé iṣẹ́ Kodak ti ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fọ fọ́tò, àwòrán obìnrin òyìnbó kan ni ó wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n sì ń pe káàdì náà. Bí àwọ̀ ara Shirley bá ti jáde dáadáa, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ti tò nìyẹn. Lorna Roth, ọ̀mọ̀wé kan ní Kánádà, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ọdún 2009. Lára ohun tí ó fi hàn ni pé àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tí ń ṣe àga òun tábìlì wà lára àwọn tí ẹ̀hónú wọn mú kí a tún fíìmù ṣe, nítorí pé fọ́tò ọjà wọn kò fi irú igi kan hàn yàtọ̀ sí òmíràn. Igi àti ṣokoléètì rí ẹni gbèjà wọn! Lóòótọ́, fíìmù tí ó sàn ti wà ní ìgbà tiwa, káàdì tí ó ní ju àwọ̀ kan lọ sì ti ń jáde. Ìmọ̀ bí a ti ń tan iná sí ojú dúdú ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ ayafọ́tò wa.

Ìmọ̀ náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ó wà nínú èdè wa. Kí ni a ń pe ọ̀rẹ́ mi náà ní ilé? Adúmáadán. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: *dú* wà níbẹ̀, *dán* sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó dú, tí ó sì ń dán. Ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ti rí ohun tí ẹni tí ó ṣe káàdì Shirley kò rí, pé dídán ni a fi ń mọ bí ojú dúdú ti rí. Iná kékeré tí ó le, tí ó dojú kọ ènìyàn gan-an, yóò ta sí orí imú àti iwájú orí bí òróró, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ̀, tí ó rọ̀, tí ó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, yóò jẹ́ kí dídán náà tẹ̀ lé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí dé àgbọ̀n, ojú yóò sì yọ. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni ti àwọn tí ń fi àtíkè pa dídán yìí kí wọ́n tó ya ènìyàn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí èèpo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1965, *Harper's Bazaar* gbé Donyale Luna, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, sórí èèpo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ọwọ́ ni, kì í ṣe fọ́tò. Ní oṣù kẹta ọdún 1966, David Bailey ya òun kan náà fún *Vogue* ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé orí èèpo náà. Ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ yí ẹyinjú kan ká, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bo imú àti ẹnu. Àwọn kan ní àrà lásán ni. Àwọn mìíràn ní ńṣe ni wọ́n fi ọwọ́ náà bo ohun tí yóò jẹ́ kí òǹrajà tètè mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni. Bí mo ti wò ó tó, ti àwọn ẹni kejì ni mo ṣe. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 1974, nígbà tí *Vogue* ti Amẹ́ríkà ti pé ọdún 82, kí Beverly Johnson tó fi gbogbo ojú rẹ̀ jáde lórí èèpo rẹ̀, Francesco Scavullo ni ó sì yà á. Ní ti ẹni tí ó di kámẹ́rà mú, ìyẹn tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni Tyler Mitchell, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 23, ya Beyoncé, tí ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ya èèpo ìwé náà.

Ẹ má ṣe rò pé kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ní ọdún 1966 tí ọwọ́ bo ojú Luna, James Barnor wà ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà. Accra ni a ti bí i ní ọdún 1929, ó sì ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1959. *Drum* ni ó ń ya fọ́tò fún, ìwé ìròyìn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1951, tí a sì ń kà ní Gánà àti ní Nàìjíríà. Ní ọdún náà ni ó mú Erlin Ibreck jáde sí ìgboro, ní àdúgbò Kilburn, ó sì yà á ní fọ́tò aláwọ̀ mèremère nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lásán. Kò sí ọwọ́ tí ó bo ohunkóhun. Barnor kò fi mọ sí yíyà nìkan, ó kọ́ bí a ti ń fọ fọ́tò aláwọ̀ mèremère, ó sì gbé ìmọ̀ náà padà lọ sí Gánà. Ó hàn gbangba sí mi pé ó mọ ibi tí Shirley fi ṣe ibùjókòó.

Ní ètò tí ó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bóyá ẹni tí kò ní iná ńlá lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó lè ṣe é. Ẹ fi àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò wọlé láti ibẹ̀ ní tààrà. Kí ẹni tí ẹ fẹ́ yà kọ ẹ̀gbẹ́ sí fèrèsé, kí ẹlòmíràn sì di páálí funfun mú ní ìhà kejì. Ẹ má ṣe fi ògiri funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí fóònù ni ẹ fẹ́ lò, ojú onítọ̀hún gan-an ni kí ẹ fi ìka tẹ̀, kí ó lè jẹ́ òun ni ẹ̀rọ náà yóò wọ̀n.

Báyìí ni mo ṣe ya ọ̀rẹ́ mi ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ó bẹ̀ mí wò. Ó ti pa ìpara tì láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni ó di páálí mú. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá òun.