Bí ìfági ṣe fẹ́ẹ̀ ba gìtá ìkórè wa jẹ́ n'Iye-Ekiti rèé o, kó tó di pé jig gbà wá

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Iye-Ekiti, nílẹ̀ Ilejemeje, pé, ni gìtá kan ṣoṣo tá a ní bá yarí. Ọyẹ́ ló mú un. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀, níbi tá a ti ń fìka tẹ okùn, wọ́, ó ká bí ẹja gbígbẹ. Owó àwọn ìyá ìjọ la fi rà á, ẹ sì mọ̀ pé àwọn ìyá ìjọ kì í gbàgbé owó wọn. Èmi tí mò ń ta á ni gbogbo wọ́n ń wò.

Mo gbé e tọ bàbá káfíńtà kan lọ. "Ọmọ mi, ṣé pákó yìí náà nìyẹn?" Wọ́n ṣí i kúrò, wọ́n fi ìfági fá òmíràn, wọ́n fojú díwọ̀n ibi táwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú rẹ̀ máa wà. Ó ń dán gbinrin. Ìgbà tí mo so okùn mọ́ ọn, HÀÀ! Okùn kan ń kùn bí oyin, èkejì ò tiẹ̀ dún rárá.

Ẹ má dá bàbá lẹ́bi o. Orí pákó yẹn kò tẹ́jú bíi tábìlì, ó yọ díẹ̀ láàárín. Tẹ́ ẹ bá kan ìṣó mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ so okùn íńṣì 12 mọ́ ọn, tẹ́ ẹ fi ya àmì róbótó yí i ká, bí etí àmì yẹn ṣe tẹ̀ ni orí pákó ọ̀pọ̀ gìtá Gibson ṣe tẹ̀. Ti Fender àtijọ́ tún tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, íńṣì 7.25 ni tiwọn. Àwọn irin náà ní ìṣirò. Bí okùn bá gùn ní íńṣì 25.5, ẹ fi 17.817 pín in, irin àkọ́kọ́ bọ́ sí íńṣì 1.431 nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ tún pín èyí tó kù, bẹ́ẹ̀ ni títí. Irin kejìlá gbọ́dọ̀ wà láàárín gbọ̀ngbọ̀n, ní íńṣì 12.75. Tó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, orin ti dàrú.

Ibi tí jig ti wọlé nìyẹn. Jig ni mo wí o, kì í ṣe jígí tẹ́ ẹ fi ń wojú! Férémù pákó ni, káfíńtà lè kàn án fúnra rẹ̀. Irin gbọọrọ kan wà nísàlẹ̀, pákó gìtá wà lókè irin yìí, ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Ẹ̀rọ ráútà tí abẹ rẹ̀ ń yí bí òòyì wá ń rìn tààrà lókè. Kí àárín irin yẹn àti ẹnu abẹ ṣáà jẹ́ íńṣì 12 géérégé. Ẹ ti ráútà látorí dé ìdí, ẹ fi pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ tún tì í. Abẹ ò ní í fá kọjá ibi tí jig gbà á láyè. Sáńpépà ló kù. Àmọ́ nígbà tí pákó ṣì tẹ́jú ni kẹ́ ẹ ti fi ayùn rẹ́ ojú irin sí i.

Igi ńkọ́? Igi dúdú làwọn òyìnbó ń wá kiri. Taylor Guitars ti Amẹ́ríkà àti Madinter ti Sípéènì ra ilé ìlagi Crelicam ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, lọ́dún 2011, torí ẹ̀. Bob Taylor sọ pé àwọn agégi máa ń gé bíi mẹ́wàá kí wọ́n tó rí ẹyọ kan tó dúdú látòkè délẹ̀; àwọn tó ní àbàwọ́n, inú igbó ni wọ́n ń jẹrà sí. Ẹ gbọ́ ìwà ìkà! Ló bá ní òun á máa ra alábàwọ́n náà. Igi yìí ń hù ní gúúsù Nàìjíríà níbí náà o.

Àwa ò lọ sí Yaoundé. Òpó ilé àtijọ́ kan tó ti wó, igi àpá tó ti gbẹ fún àìmọye ọdún, ni bàbá káfíńtà là. Wọ́n kan jig, wọ́n yá ráútà. Iná ò sí, la bá gbé jẹnẹrétọ̀ ìjọ lọ. Alẹ́ Sátidé tí ìkórè máa fi mọ́, mo so okùn kẹfà, mo ta á. Ó dún! Bàbá ní kí n tún ta á. Mo tún ta á.

Wọ́n wò mí títí. "Ọmọ mi, ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì yẹn ńkọ́, ṣé gìtá tiwọn ò tíì bàjẹ́ ni?"