Yíyan Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ní Òkè Òkun: Ìbéèrè Mẹ́ta fún Olùkọ́ tí ó Fẹ́ Lọ

Ní agbègbè wa yìí, láti Ara dé Èjìgbò, ìrìn àjò sí ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe ohun titun. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ni ó ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire; àwọn mìíràn sì ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn fi ń sọ èdè Faransé bí ẹni tí ń sọ èdè ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá ní òun fẹ́ lọ, ohun mẹ́ta ni àwọn àgbà a máa bi í: Ọ̀dọ̀ ta ni ìwọ yóò wọ̀ sí? Iṣẹ́ wo ni ìwọ yóò kọ́? Owó wo ni ìwọ yóò fi jẹun kí iṣẹ́ náà tó dá ọ lóhùn?

Nísinsìnyí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ni ó ń fẹ́ lọ gba oyè gíga ní òkè òkun. Ìfẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n ó ń bà wá nínú jẹ́ pé ẹni tí kò jẹ́ lọ sí Abidjan láìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí, a máa kọ̀wé sí yunifásítì nítorí pé orúkọ ìlú náà dùn létí. Àwọn òbí a sì ta ilẹ̀ tàbí oko láti fi san owó rẹ̀. Nítorí náà, àwa fẹ́ mú ìbéèrè àwọn àgbà wá sínú ọ̀ràn yìí.

Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí a dúró sí. Ìwé ẹ̀rí NCE tí a ń gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ wá di olùkọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn oyè gíga. A gbọ́dọ̀ gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ná, kí a tó lè bèèrè fún M.A., M.Ed. tàbí oyè Dókítà. Máàkì tí a bá gbà nínú oyè àkọ́kọ́ yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìbéèrè kìíní ni pé, ọ̀dọ̀ ta ni a ń lọ? Ẹ jẹ́ kí a wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni ti Ìjọ, St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ni ó ti jáde. Ó kàwé ní Ìbàdàn, ó sì gba oyè Dókítà ní Edinburgh ní 1963. Ní àwọn ọdún náà, Halliday ń kọ́ni ní Edinburgh ní ọ̀nà titun tí a fi ń tú gírámà palẹ̀. Ọ̀nà náà ni Bámgbóṣé lò fún èdè Yorùbá, ìwé gírámà rẹ̀ sì jáde ní 1966. Ẹ kíyè sí i pé ó mú iṣẹ́ tirẹ̀ dání lọ bá àwọn tí ó ní irin-iṣẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni kí a ka ìwé tí àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ti kọ, kí a tó kọ̀wé sí wọn. Bí kò bá sí ẹnì kan níbẹ̀ tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ wa, kí a wo ibòmíràn, bí ó ti wù kí òkìkí ibẹ̀ pọ̀ tó.

Ìbéèrè kejì ni pé, iṣẹ́ wo ni a fẹ́ kọ́? Nínú ìwé ìbéèrè wa, yunifásítì a máa ní kí a sọ ìdí tí a fi fẹ́ wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kọ ọ́ pé láti kékeré ni àwọn ti fẹ́ràn ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí kò fi ẹnì kan hàn yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan bá kọ ọ́ pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ní Ara ń ka Yorùbá láìfi ohùn sí i, àti pé òun fẹ́ mọ bí a ti lè kọ́ wọn ní àmì ohùn, ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ olùkọ́ yìí.

Ìbéèrè kẹta ni ti owó. Olúwa wa sọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1 ni M.A. sábà máa ń gbà, ẹni tí ń lọ ni ó sì sábà máa ń san owó rẹ̀. Láti oṣù January 2024, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ fún irú oyè bẹ́ẹ̀ kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní Amẹ́ríkà, oyè Dókítà lè gba ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ni kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá mú fún un, wọn a sì fún un ní owó oúnjẹ nítorí iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún wọn. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi hàn pé a ní owó oúnjẹ ọdún kan.

Àwọn ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wà pẹ̀lú. A dá ti Commonwealth sílẹ̀ ní 1959. Èyí tí a ń pè ní Chevening a máa san owó M.A. ọdún 1 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ń bèèrè pé kí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀n ọdún 2, kí ó sì padà sí ilẹ̀ rẹ̀ fún ọdún 2 ó kéré tán. Ọdún tí a fi ń kọ́ni nínú kíláàsì kì í ṣe àdánù.

Nígbà tí a bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a tètè kó ìwé jọ, nítorí a kì í ti ojú ogun wẹ́fọ́n. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ni ó ń ti ilẹ̀kùn ní December tàbí January fún ẹ̀kọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní August tàbí September. Ìwé àkọsílẹ̀ máàkì láti yunifásítì wa lè pẹ́ kí ó tó jáde. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ 2 tàbí 3 ni wọ́n sábà máa ń bèèrè. Kí a lọ bá olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ wa, kì í ṣe ẹni tí oyè rẹ̀ ga nìkan, kí a sì fún un ní àyè láti kọ ọ́. Àbájáde ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti IELTS kò ju ọdún 2 lọ, nítorí náà kí a má ṣe é ní kùtùkùtù jù. Kí orúkọ wa rí bákan náà nínú ìwé gbogbo. Ní ti àwọn alágbàtà tí ń ṣe ìlérí físà, kí a rántí pé a lè fúnra wa kọ̀wé tààrà sí ọ̀pọ̀ yunifásítì.

Ní ìparí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Wesley College, Ìbàdàn, ní 1927, gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944 nípa kíkàwé fúnra rẹ̀ nílé. Lẹ́yìn náà ni ó tó rékọjá òkun lọ kọ́ òfin. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí lónìí, kí ó má ṣe jẹ́ kí a ta oko bàbá rẹ̀. Kí ó máa kọ́ni, kí ó máa kàwé, kí ó sì tún bi ara rẹ̀ léèrè ní ọdún tí ń bọ̀.