Kí Ló Dé Tí Omi Fi Máa Ń Tètè Tán Nínú Ọkọ̀ Panápaná?

Ọ̀rọ̀ panápaná la gbé wá lónìí.

Gbogbo wa la ti rí irú fídíò yìí rí. Ilé ń jó, èrò pé bìbà, ọkọ̀ panápaná dé tòun ti ariwo. Wọ́n tú rọ́bà, wọ́n fọ́n omi fúngbà díẹ̀, omi tán. Ẹni tó ń ya fídíò á wá figbe ta: "Ẹ wò wọ́n! Wọn ò gbé omi wá!" Níbòmíràn, àwọn ọ̀dọ́ a máa sọ òkò lù wọ́n. Ṣé lóòótọ́ ni wọn ò gbé omi wá?

Ẹ jẹ́ ká fi Agosasa ṣàpẹẹrẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibodè Bìnẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù sì ti wọnú ọ̀rọ̀ iná lágbègbè yẹn ju bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú lọ.

Ìṣirò omi

Ká ní ọkọ̀ panápaná gbé omi lítà 5,000. Ó pọ̀ lójú, àbí? Ó ju tánkì onílítà 2,000 méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu rọ́bà kan ṣoṣo lè tu lítà 500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in wò: ìṣẹ́jú 10 péré ni. Tí wọ́n bá tú rọ́bà méjì, ìṣẹ́jú 5 ni. Àwọn èèyàn wa gbé omi wá o. Omi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n gbé wá.

Ní ìlú tí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ dáadáa, omi inú ọkọ̀ wà fún ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni. Bí àwọn kan ṣe ń fọ́n in, àwọn yòókù á ti máa so rọ́bà mọ́ ẹnu páìpù ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ń pè ní hydrant. Láti ibẹ̀, omi ò ní dáwọ́ dúró. Níbi tí irú páìpù bẹ́ẹ̀ ò bá sí, ọkọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ máa pọn omi tẹ̀lé wọn, tàbí kí wọ́n wá odò tàbí borehole ńlá. Ìwọ tí o ń ra omi lọ́wọ́ oníborehole kí o tó wẹ̀, o mọ ohun tí mò ń sọ. Ìlú tí kò ní omi láti mu, níbo ló ti fẹ́ rí omi tí yóò fi pa iná?

Èyí ò ní ká má bi ìjọba léèrè o. Ohun tó yẹ ká bi wọ́n gan-an ni pé: omi dà ní àdúgbò wa? Ibùdó panápaná tó sún mọ́ wa jù lọ wà níbo? Ìṣẹ́jú mélòó ni ọkọ̀ wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa?

Iná ò lè dúró de èèyàn

Ìbéèrè ìṣẹ́jú yẹn ṣe pàtàkì. Nínú ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, wọ́n dáná sí yàrá méjì. Èkíní ní àga àti ẹrù àtijọ́ tó jẹ́ igi àti òwú. Ó tó bí ìṣẹ́jú 29 kí gbogbo rẹ̀ tó gbiná. Èkejì ní àga fóòmù àti ẹrù oníke, irú èyí tó wà ní pálọ̀ wa báyìí. Kò tó ìṣẹ́jú 4 tí gbogbo yàrá fi di iná. Nítorí náà, bí ibùdó panápaná bá jìnnà tó ìrìn ìṣẹ́jú 40 lórí títì tó kún fún kòtò, ilé kejì ni wọ́n máa bá gbà sílẹ̀, tiyín á ti lọ.

Epo bẹntiróòlù

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá àwọn onífàyàwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ ṣì nílò epo. Nígbà tí ilé epo ò bá ní, kẹ́ẹ̀gì ló kù, kẹ́ẹ̀gì yẹn á sì dénú ilé, sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ewu rẹ̀ rèé. Òórùn epo tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, epo gan-an ni, ó ti di afẹ́fẹ́. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń fà tẹ̀ẹ̀. Ó lè rìn láti kọ́ńà kan dé ìdí sítóòfù ní kọ́ńà kejì, kí iná sì bá a padà sínú kẹ́ẹ̀gì.

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, iná sọ nílé tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ sí ní Sèmè-Podji, ní Bìnẹ̀, létí ibodè kan náà yìí. Agbẹjọ́rò ìjọba níbẹ̀ sọ pé ìgbà tí wọ́n ń já àpò epo ló ṣẹlẹ̀. Ó ju èèyàn 30 lọ tó kú. Ní Majiya, Ìpínlẹ̀ Jígàwá, ní oṣù Kẹwàá 2024, ó ju 150 lọ tó bá a lọ nígbà tí wọ́n ń gbọ́n epo lára táńkà tó ṣubú.

Omi ò sì ràn án. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló máa gùn, tí á sì máa jó lọ nínú gọ́tà títí dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Ìdí nìyẹn tí panápaná fi ń lo ọṣẹ apaná tó ń hó. Wọ́n lè po lítà 3 rẹ̀ mọ́ omi lítà 97. Ìfófòó rẹ̀ máa ń bo epo mọ́lẹ̀ bí ẹní, kò ní jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́ mí. Ọkọ̀ tó bá dé síbi iná epo láìní ọṣẹ yìí, bó gbé omi lítà 10,000 pàápàá, iṣẹ́ ò tíì yá.

Ẹrù tó wà lọ́rùn wọn

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ọdún 1901 ló bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá Èkó. Òní, panápaná ìjọba àpapọ̀ wà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà sì ní tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé tó ń jó máa wọ aṣọ tó nípọn, bàtà, ìbọ̀wọ́ àti akoto, á tún pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ lè ju kílò 20 lọ. Afẹ́fẹ́ yẹn kì í sábà ju ìṣẹ́jú 30 sí 45 lọ, ẹni tó bá sì ń gbé èèyàn bọ̀ látinú èéfín á mí in tán kíá. Tó bá ti ń tán lọ, fèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tí fèrè rẹ̀ ń dún nínú òkùnkùn, tí wọ́n sì ń sọ òkò lu ọkọ̀ rẹ̀ níta.

Ohun tí ìwọ lè ṣe

Àkọ́kọ́, fi 112 sórí fóònù rẹ báyìí. Ní Èkó, 767 náà wà. Tó o bá sọdá sí Bìnẹ̀, 118 ni ti panápaná wọn. Tí wọ́n bá gbé e, sọ orúkọ ìlú, àdúgbò, ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nítòsí bíi mọ́ṣáláṣí tàbí ọjà, ohun tó ń jó, àti bóyá èèyàn wà nínú ilé. Pè kó o tó ya fídíò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíràn ti pè.

Èkejì, tí epo inú ìkòkò bá gbiná, pa gáàsì, fi ìdérí bò ó, má da omi sí i. Tó bá jẹ́ bẹntiróòlù díẹ̀ ló dà sílẹ̀ tó ń jó, iyanrìn ni.

Ẹ̀kẹta, tí o bá gbọ́ òórùn gáàsì, má tan iná, má sì paná, má fọwọ́ kan súìṣì rárá. Ti sílíńdà, ṣí fèrèsé, jáde síta kó o tó pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin, kẹ́ẹ̀gì epo ò gbọ́dọ̀ sùn nínú ilé. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?

Ìkarùn-ún, tí panápaná bá dé, yà lọ́nà fún wọn, kó o sì fi ibi tí borehole wà hàn wọ́n. Ìyẹn lè sọ ìṣẹ́jú 10 di wákàtí kan.

Ẹ fi èyí ṣọwọ́ sórí gúrúùpù WhatsApp àdúgbò yín, kẹ́ ẹ sì kọ èsì ránṣẹ́ sí wa: níbo ni omi tó sún mọ́ ilé yín jù lọ wà? Ẹni tí kò bá mọ̀, kó lọ béèrè lónìí. Ó dìgbà o.