Kíkó Àkọsílẹ̀ Ìlò Jọ Láti Ibi Ìpamọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Pẹ̀lú Àṣẹ Shell

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí a ṣe ń fi àkójọ àṣẹ shell kó àkọsílẹ̀ ìlò jọ, kí a sì palẹ̀ èyí tó ti pẹ́ mọ́. Amazon S3, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ni àpẹẹrẹ wa. Bí a bá pàṣẹ fún un, yóò máa kọ ẹni tó béèrè fáìlì, àkókò àti àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí a máa pọ̀ sí i títí a ó fi pa wọ́n rẹ́.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló wà. Èkíní, aws s3 sync yóò ṣe ẹ̀dà wọn sórí kọ̀ǹpútà wa. Èkejì, gzip yóò fún wọn pọ̀. Ẹ̀kẹta, gzip -t yóò yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọn kò bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí nìkan ni ìparẹ́ kàn. Àmì && láàárín àṣẹ méjì kò ní jẹ́ kí èkejì ṣiṣẹ́ bí èkíní bá kùnà. cron ni yóò máa pe gbogbo rẹ̀ lóròòru.

Ká ní èsì ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀, tí ẹnìkan sì yí i padà, àkọsílẹ̀ yìí ni ẹ̀rí tí a ó wò. Bí ìparẹ́ bá ṣáájú àyẹ̀wò, ẹ̀rí lè sọnù láìsí ẹni tó fura. Nítorí náà, ètò ìgbésẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye àṣẹ lọ.